Ẹni Tó Dákẹ́, Tara Rẹ̀ A Bá A Dákẹ́

Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, àwọn àgbà wa mọ oríkì ìdílé wọn dájú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá béèrè ohun tó pa ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ, ohùn wa a lọ sílẹ̀. A ó ní: « Kádàrá ni. » Irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ lè pa ẹlòmíràn.

Ẹsẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 21 kan ṣẹ́ ní Melbourne, ní Ọsirélíà. Oògùn akunnilóorun bà á lẹ́rù ju ẹsẹ̀ náà lọ, nítorí pé mẹ́wàá nínú ìbátan rẹ̀ ti kú lẹ́yìn tí wọ́n gba éther. Ó sọ ọ́. Wọ́n lo halothane dípò rẹ̀, síbẹ̀ ara rẹ̀ gbóná, ìfúnpá rẹ̀ sì já wálẹ̀. Kíá ni wọ́n dá oògùn dúró, wọ́n fi yìnyín tù ú lára, ó sì yè. Ní ọdún 1960, Michael Denborough àti Lovell gbé ọ̀rọ̀ ìdílé náà jáde nínú ìwé ìròyìn *The Lancet*.

Àrùn tí à ń pè ní *hyperthermie maligne* nìyí. Kálísíọ̀mù ni ó ń mú kí iṣan ara wa sún kì. Nínú ara ẹni tó jogún àbùkù náà, àwọn gáàsì akunnilóorun kan, tàbí succinylcholine, a máa tú kálísíọ̀mù sílẹ̀ ní àtúpalẹ̀. Iṣan a le gbagidi, ara a sì gbóná kọjá ààlà. Nínú àwọn mìíràn, iṣẹ́ agbára nínú oòrùn lè fa irú rẹ̀. Bí òbí kan bá ní i, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè jogún rẹ̀, ìdá kan nínú méjì. Pé iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ lọ ní ìrọ̀rùn kò túmọ̀ sí pé ewu kò sí.

Kò yẹ kí a torí èyí sá fún iṣẹ́ abẹ. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn àti àwọn oògùn akunnilóorun mìíràn wà tí kì í fa àrùn yìí. Ní ọdún 1975, Gaisford Harrison fi hàn ní Gúúsù Áfíríkà pé dantrolène ń gba ẹlẹ́dẹ̀ tó ní irú àrùn yìí là. Òun náà ni a fi ń tọ́jú ènìyàn lónìí. Ṣùgbọ́n oníṣègùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jókòó ti àwọn àgbà yín. Ẹ béèrè ẹni tó kú lórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ, àti ẹni tí ara rẹ̀ gbóná lójijì níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà kí abẹ tó kan ara. Kò sí ìtìjú níbẹ̀: àwọn òkú wa ni yóò gba àwọn ààyè là.