Ìyìn Tó Pẹ́ Kó Tó Dé

Àwọn àgbà ní, yinniyinni kẹ́ni lè ṣe mìíràn. Nílẹ̀ Yorùbá, lójú agbo ni a ti ń lẹ owó mọ́ onílù níwájú. A kì í dúró di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Ti Ennio Morricone, ará Róòmù tó ń ṣe orin sinimá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà 5 ni wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Oscar ní Amẹ́ríkà, tí ẹlòmíràn gbà á lọ. Ní 2007 wọ́n fi ẹ̀bùn àyẹ́sí dá a lọ́lá. Ọdún 2016, nígbà tó di ẹni ọdún 87, ló tó borí, pẹ̀lú orin The Hateful Eight. Ó kú ní 2020.

Orin a máa mú òǹwòran sunkún, kó má sì mọ ẹni tó ṣe é. Bí sinimá bá parí, ẹ má tètè dìde: ẹ ka orúkọ rẹ̀.