Fífún Ohùn Pọ̀ Nínú Àtúnṣe Ọ̀rọ̀ Pọ́díkáàsì

 Púpọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó ti ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ báyìí, tí ẹ sì ń gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí pọ́díkáàsì, èyí tí í ṣe ètò ọ̀rọ̀ sísọ tí ènìyàn lè gbọ́ lórí fóònù nígbà tí ó bá wù ú. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kan wà tí àwọn olùgbọ́ fi ń kan irú ètò bẹ́ẹ̀. Bí bàbá àgbà bá rẹ́rìn-ín, etí a fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Bí ó bá wá rọra dárúkọ ìlú tí àwọn baba rẹ̀ ti ṣí wá, a kò ní gbọ́ ọ. Olùgbọ́ tí ó wà nínú ọkọ̀ èrò yóò máa tẹ bọ́tìnnì fóònù rẹ̀ kí ohùn lè pọ̀, yóò tún máa tẹ̀ ẹ́ kí ó lè dín kù, títí yóò fi sú u.

Irinṣẹ́ tí a fi ń tọ́jú àìsàn yìí ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Kì í ṣe èyí tí àwọn fọkanáísà fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú táyà ni mo ń wí o, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe fífún fáìlì pọ̀, irú èyí tí MP3 ń ṣe kí fáìlì má baà gba àyè púpọ̀. Àlàfo tí ó wà láàrin ariwo àti ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń dín kù. Fáìlì tí ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ fúyẹ́.

Ẹ fi ọkàn yàwòrán ẹnì kan tí ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì ohùn. Bí ohùn bá ti kọjá ààlà kan, yóò dín in kù. Bí ó bá sì ti padà sí abẹ́ ààlà, yóò dá a sí bí ó ti wà. Ní àtijọ́, ènìyàn gan-an ni ó ń jókòó ṣe iṣẹ́ yìí ní àwọn ilé iṣẹ́ rédíò. Ní àwọn ọdún 1960, Teletronix ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan jáde tí a ń pè ní LA-2A, tí James Lawrence hùmọ̀. Ohùn fúnra rẹ̀ ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ kékeré kan nínú ẹ̀rọ náà, bí ìmọ́lẹ̀ náà bá sì ti mọ́lẹ̀ tó ni ẹ̀rọ náà ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀ tó. Lónìí, Audacity tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ nínú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn gbangba. Dẹ̀síbẹ̀lì ni a fi ń wọn agbára ohùn. Nínú kọ̀ǹpútà, òdo ni òkè pátápátá, a sì ń fi àmì ìyọkúrò kọ ohun gbogbo tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ká ní a fi ààlà sí -20, tí a sì ní kí ìwọ̀n jẹ́ 3 sí 1. Ẹ̀rín bàbá gòkè dé -8. Ó fi 12 kọjá ààlà. Nínú 3 tí ó bá kọjá, 1 péré ni ẹ̀rọ yóò jẹ́ kí ó lọ. Nítorí náà 12 di 4, ẹ̀rín náà sì wálẹ̀ sí -16. Orúkọ ìlú tí bàbá dá ní -26 kò kan ààlà, ẹ̀rọ kò sì fọwọ́ kàn án. Àlàfo tí ó jẹ́ 18 tẹ́lẹ̀ ti di 10. Nígbà náà ni a óò wá fi 6 gbé gbogbo rẹ̀ sókè: ẹ̀rín di -10, orúkọ ìlú di -20. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ kò gbé orúkọ ìlú náà sókè rárá. Ẹ̀rín ni ó rẹ̀ sílẹ̀, kí àyè lè wà fún wa láti gbé àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ tí ń dún lẹ́yìn ilé ní -55 náà ti gòkè dé -49. Ẹ̀rọ yìí kò mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ariwo. Ẹni tí kò bá wá ibi tí ó parọ́rọ́ kí ó tó gba ohùn sílẹ̀, kí ó má ṣe retí pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò gbà á.

Àkókò ni ó ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù. Bí ẹ̀rọ bá yá jù láti di ohùn mú, tí milisẹ́kọ́ǹdù 1 kò tíì pé, yóò tẹ orí kọ́ńsónáǹtì rì, k àti t kò sì ní mú létí mọ́. Bí ó bá pẹ́ jù kí ó tó tú ohùn sílẹ̀, bí i sẹ́kọ́ǹdù 2, ẹ̀rín yóò ti parí, bàbá yóò máa dárúkọ ìlú, ọwọ́ ẹ̀rọ yóò ṣì wà lórí ohùn. Orúkọ tí a tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí ni a óò tún fi ọwọ́ ara wa tẹ̀ rì! Bí ó bá sì yá jù láti tú u sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ yóò máa rú jáde nínú àlàfo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń mí hẹlẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 10 fún dídi ohùn mú, àti 150 fún títú u sílẹ̀, kí ẹ wá fi etí tún un ṣe. Fún ọ̀rọ̀ sísọ lásán, bí ẹ̀rọ bá ń dín dẹ̀síbẹ̀lì 3 sí 6 kù, ó tó.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá yóò bi mí pé: ǹjẹ́ ẹ̀rọ yìí kò ní ba ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́? Kò ní bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ yìí ni ó ń tàn wá jẹ. Ohùn òkè tí gírámà ń sọ jẹ́ ti bí tán-án-ná ọ̀fun ṣe ń yára gbọ̀n tó. Ti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jẹ́ ti bí ọ̀rọ̀ ṣe pariwo tó. Ènìyàn lè rọra pe ọkọ́, kí ó sì fi ariwo pe ọkọ̀. Síbẹ̀, ọkọ́ kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ di ọkọ̀. Àní, ẹ̀rọ náà ń ràn wá lọ́wọ́ ni. Bí èémí bá ń tán lọ ní ìparí gbólóhùn, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó kẹ́yìn lè rẹlẹ̀ débi pé olùgbọ́ kò ní mọ̀ bóyá ọkọ ni tàbí ọkọ̀. Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún ni gígé àwọn ìró tí ó wúwo jù, èyí tí a máa ń ṣe ṣáájú kí gbígbá tábìlì má baà ta kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jí. Ohun tí ó bá ń gbọ̀n tí kò tó 80 ìgbà ní sẹ́kọ́ǹdù kan ni wọ́n sábà máa ń gé. Fún bàbá tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, 60 ni èmi yóò lò, kí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ má baà fẹ́lẹ́.

Ewì alohùn ni ó ń ba èmi lẹ́rù. Nínú oríkì tàbí ẹkún ìyàwó, ibi tí apohùn ti ké àti ibi tí ó ti rẹ ohùn sílẹ̀ ní ìtumọ̀. Bí a bá fi 8 sí 1 fún un pọ̀, gbogbo rẹ̀ yóò dọ́gba bí ẹni tí ń ka ìròyìn. Ní tèmi, 2 sí 1 ti pọ̀ tó níbẹ̀; ó sì tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a fi ọwọ́ ara wa rẹ ibi tí ó bá ké jù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni a óò wọn agbára ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. -16 LUFS ni Apple ń dámọ̀ràn fún pọ́díkáàsì. Kí ẹ tó sọ pé àtúnṣe yín dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ jẹ́ kí agbára méjèèjì dọ́gba, nítorí etí máa ń gbè sẹ́yìn èyí tí ó bá pariwo jù. Kí ẹ sì fi fáìlì àkọ́kọ́ pamọ́ láìfọwọ́kàn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Ohùn tí a bá ti fún pọ̀, kò sí ẹ̀rọ tí yóò tú u padà sí bí ó ti rí gan-an lẹ́nu ẹni tí ó sọ ọ́.