Nígbà tí Ọ̀nà Bá Dí: Ìgbẹ́kẹ̀lé Nínú Ètò Ọlọ́run

Ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, àgbẹ̀ tó bá fi òjò àkọ́rọ̀ gbin àgbàdo mọ̀ pé òjò náà lè dá, kí èhù sì gbẹ mọ́lẹ̀. Owó irúgbìn ti lọ. Owó ilé-ìwé ọmọ sì ń bọ̀ lọ́nà. Bí àgbẹ̀ náà bá jẹ́ Onígbàgbọ́, àwọn ará ìjọ yóò sọ fún un pé Ọlọ́run ní ètò. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò bá yé ẹni tó ń sọ ọ́, ẹrù ni yóò dì lé orí ẹni tí ìyà ń jẹ.

Ibi tí a sábà máa ń tọ́ka sí ni ìwé Jeremáyà, orí 29, ẹsẹ 11, níbi tí Ọlọ́run ti fi yé àwọn ènìyàn Rẹ̀ pé ire wọn ni Òun ń gbèrò. Ìgbèkùn ní Bábílónì ni àwọn tí a kọ̀wé náà sí. Ẹsẹ 10 dá àádọ́rin ọdún fún wọn; èyí já sí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbọ́ ìlérí náà ni kò ní fojú rí ìmúṣẹ rẹ̀. Síbẹ̀, àṣẹ ti wà fún wọn láti ẹsẹ 5 pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n sì dáko níbi tí wọ́n wà. Iṣẹ́ ṣíṣe ni ìgbẹ́kẹ̀lé wọn. Kì í ṣe ìkáwọ́gbera.

Ìtàn Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ilẹ̀ Yorùbá fi èyí hàn. Ìgbòho ní Òkè-Ògùn ni Thomas Jefferson Bowen, ajíhìnrere láti Amẹ́ríkà, ní lọ́kàn nígbà tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1850. Hervey Goodale, tí wọ́n jọ gbéra, ti kú ní Làìbéríà. Bowen dé Abẹ́òkúta, ọ̀nà sì dí mọ́ ọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1851, ogun Dàhòmì dé bá ìlú náà. Ó lé ní ọdún kan tó fi wà níbẹ̀. Ó lo àkókò náà láti kọ́ èdè Yorùbá, débi pé ní ọdún 1858 a tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní Washington. Ìjàyè, tí í ṣe ìlú Kúrunmí, ló wá fi ṣe ibùdó ní ọdún 1853, dípò Ìgbòho.

Ìtàn náà kò parí sí ibi ayọ̀. Ogun Ìbàdàn pa Ìjàyè run ní ọdún 1862. Àwọn tó kù sì fọ́n ká. Kò sí ẹni tó yẹ kó sọ pé Ọlọ́run pa ìlú kan run kí ìjọ lè gbilẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù sọ, Ọlọ́run sì bá wọn wí. Ohun tí Onígbàgbọ́ lè sọ ni pé ìparun náà kò fòpin sí iṣẹ́ Ọlọ́run. Àwọn ajíhìnrere kó àwọn ọmọ kan tí ogun sọ di aláìníbaba lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń tọ́ wọn níbẹ̀. Lónìí, Ìjọ Onítẹ̀bọmi wà ní Ìgbòho, ilé ìwòsàn rẹ̀ sì wà ní Ṣakí.

Nítorí náà, gbígbẹ́kẹ̀lé ètò Ọlọ́run kò ní kí ènìyàn pe ibi ní ire, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kó má sunkún. Ohun tó ní kó ṣe ni pé kó má jẹ́ kí ọ̀nà tó dí gba iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ tí èhù rẹ̀ gbẹ yóò gbàdúrà, yóò sì wá irúgbìn mìíràn, ìbáà ṣe ẹ̀wà tàbí àgbàdo tó ń tètè gbó. Ẹni tó sì sọ fún un pé Ọlọ́run ní ètò, kó bojú wo àká tirẹ̀ ná: ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni irúgbìn náà wà.