Ta Ló Kọ́kọ́ Fi Òlu Gún Ìwé?

Bébà ni mo lọ rà ní Ṣómólú lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo fi bá ọmọbìnrin kan lórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi òlu gún bébà, ó sì ń fi abẹ́rẹ́ rán an. Iṣẹ́ báńkì ló ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Ìwé ìkọ-nǹkan-sí yìí, ìgbádùn ara rẹ̀ ló fi ń ṣe. Yóò ká bébà mẹ́rin sí méjì, yóò tì wọ́n bọ inú ara wọn, ojú ewé 16 nìyẹn. Irú rẹ̀ mẹ́fà ni yóò rán pọ̀, yóò wá fi àdìrẹ bo páálí ẹ̀yìn rẹ̀.

Bàbá oníbébà wò ó títí. "Ohun tí a fi jẹun nìyí o," ó ní, "òun ló wá deré."

Ìtàn ìwé ṣíṣe nílẹ̀ wa tí gbogbo ayé mọ̀ kò gùn: Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Abẹ́òkúta ní 1854, Ìwé Ìròyìn sì jáde níbẹ̀ ní 1859. Àfi bí mo ṣe dárúkọ Abẹ́òkúta tí Àáfà kan, ọmọ Ìlọrin, tó wá gba ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, já lu ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí òyìnbó tó mọ̀nà Abẹ́òkúta ni àwọn baba àwọn ti ń fọwọ́ da Àlùkùránì kọ, tí wọ́n ń fi awọ dì í.

"Ṣé ẹ máa ń rán an?" ni Bàbá bi í.

Àáfà dákẹ́ díẹ̀. Lóòótọ́, wọn kì í rán an. Ewé Àlùkùránì ayé àtijọ́, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, inú àpò awọ ni wọ́n ń tò ó sí. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, torí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá lè pín ewé mẹ́wàá kà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìwé dídì kọ́ nìyẹn, Àáfà. Ẹrù dídì ni."

"Ta ló sọ fún yín pé okùn ló ń sọ ìwé dìwé? Townsend yín yẹn, ṣé òun ló kọ́ wa láwọ híha ni?"

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ìwé ìpè fi gbẹ. Ọmọbìnrin yẹn kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó ní bí òun ṣe ń rán ìwé, láti Íjíbítì ló ti wá. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì Kọ́ptì ti ń rán ìwé bẹ́ẹ̀ kí Yúróòpù tó mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí irun dídì, tí ẹ bá sì ṣí i, pẹrẹsẹ ló ń tẹ́.

Nígbà tí Bàbá ń kọ́ṣẹ́ ìwé dídì, sítáàṣì ni wọ́n ń sè bí ẹ̀kọ aládìrẹ láti fi lẹ páálí. Okùn ló ń di ewé mú. Gọ́ọ̀mù lásán ló kù báyìí. Ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti já kí sáà kejì tó wọlé, tèmi náà nílé kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ni iṣẹ́ ṣe wá deré? Bàbá ní fóònù ni: ẹni tó ti ń fìka ra gíláàsì látàárọ̀, yóò wù ú kó di nǹkan mú. Ọmọbìnrin ní YouTube lòun ti kọ́ ọ, ìwé mẹ́ta ló sì bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ kóun tó mọ̀ pé bébà ní apá ibi tó ń fẹ́ ká sí.

Mo bi í pé kí ni àwọn tó ń fún ní ìwé náà ń kọ sínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọn kì í fẹ́ fi báírò bà á jẹ́.

Bàbá ní kó fún òun lọ́kan. Ó fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, ó fà á wò bóyá yóò já. Ó wá mú báírò létí, ó kọ owó bébà tí mo jẹ ẹ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́.