Níbo Ni Kí A Ti Ka Oyè Kejì?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí ọdún ìkẹ́yìn bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń gba ẹnu gbogbo wa kan ní Lọ́kọ́ja: lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, níbo? Àwọn kan ní Ìbàdàn ni, wọn kò sì rí àlàyé ṣe ju pé Ìbàdàn ni Ìbàdàn. Àwọn mìíràn ní Ifẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n wọn lọ síbẹ̀. Àwọn kan sì wà tí òbí wọn ti sọ fún pé wọn kò gbọdọ̀ kọjá Ànyìgbá. A kò fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ná owó ilé bàbá rẹ̀ àti ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí nǹkan yẹ kí ó mọ ohun tí ó ń rà.

Oyè kejì kò rí bí oyè àkọ́kọ́. Nígbà tí a ń wá oyè àkọ́kọ́, JAMB ni ó bá wa pín ọ̀nà. A kọ orúkọ yunifásítì, a dúró de máàkì. JAMB kò sí nídìí oyè kejì. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń ta fọ́ọ̀mù tirẹ̀, tí ó sì ń yan àwọn tí ó wù ú. Ohun tí ó tún yàtọ̀ jù ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ ni ó kọ́ wa kí a tó jáde ní kíláàsì, ṣùgbọ́n tí ó bá di iṣẹ́ àpilẹ̀kọ fún oyè kejì, ẹnì kan ni yóò máa ka iṣẹ́ yín. Bí ẹni náà kò bá mọ ohun tí ẹ ń kọ, tàbí tí ó bá ti ń palẹ̀ mọ́ láti fẹ̀yìn tì, orúkọ ńlá tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì kò ní bá yín tún orí kejì kọ.

Ẹ wo Wándé Abímbọ́lá. Ìmọ̀ ìtàn ni ó kà ní Ìbàdàn, ó sì parí ní 1963. Ó gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ní Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà ní 1966. Nígbà tí ó kan oyè ọ̀mọ̀wé, Yunifásítì Èkó ni ó ti gbà á, ní 1970, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní oyè náà níbẹ̀. Yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962 nìyẹn o! Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Èkó nígbà náà, Ìbàdàn ti pé méjìlélógún. Ṣùgbọ́n Adébóyè Babalọlá, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966, wà ní Èkó, lítíréṣọ̀ Yorùbá sì ni Abímbọ́lá ń ṣe iṣẹ́ lé lórí. Ẹni tí ó gba oyè ní yunifásítì ọmọ ọdún mẹ́jọ yìí náà ni ó di gíwá ní Ifẹ̀ láti 1982 sí 1989.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Lọ́kọ́ja ju bí ó ti kan ẹni tí a bí sí Ọ̀yọ́ lọ. Yorùbá tí ó yí wa ká níhìn-ín, ti Ọ̀wọ́rọ̀, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti ti Owé ní Kàbà, ni a ń pè ní Òkun lápapọ̀. Bí a bá fi "òkun" kí ènìyàn ní ìhà Ìbàdàn lọ́hùn-ún, wọ́n á kọ́kọ́ wò wá lójú, wọ́n á ní ṣé Yorùbá ni wá. Àwọn onímọ̀ pàápàá pẹ́ kí wọ́n tó kà wá mọ́ ọn. Ní 1967, Abíọ́dún Adétugbọ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní New York lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá, ó sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni àkòrí rẹ̀ dá lé, abẹ́ Àríwá sì ni Kàbà wà nígbà náà. Ibi tí ààlà ìjọba dé ni iṣẹ́ náà dé. Ní 1978, Akinkugbe kọ tirẹ̀ ní Ìbàdàn, ó kó ẹ̀ka-èdè Yorùbá, Ìṣẹ́kírì àti Ígálà pọ̀, ó fi wọ́n wé ara wọn. Ígálà! Àwọn tí a jọ ń ná ọjà, tí ó jẹ́ pé odò Ọya ni ó là wá láàárín.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ nípa Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀ kò gbọdọ̀ béèrè pé yunifásítì wo ni ó lókìkí jù. Ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ lórí ẹ̀ka-èdè, níbo ni ó sì wà, ní Ìbàdàn, Ìlọrin, Èkó tàbí Ifẹ̀? Lítíréṣọ̀ lè gbóná ní ẹ̀ka kan kí gírámà má fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ni kọ́ ọ níbẹ̀. Ẹ wo àwọn ìwé tí ẹ tọ́ka sí nínú iṣẹ́ àṣekágbá yín. Bí orúkọ ẹnì kan bá ń yọjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí ó sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí.

Àwọn onímọ̀ ìtàn ní tiwọn, ibi tí ìwé wà ni kí wọ́n wò. A ti gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé Ìbàdàn ni òun ń lọ nítorí pé ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí wà nínú ọgbà yunifásítì náà. Ó dára, bí ó bá jẹ́ ìtàn Ìjẹ̀bú ni. Ṣùgbọ́n Lọ́kọ́ja ni Lugard fi ṣe olú-ìlú Àríwá ní 1900, abẹ́ Àríwá ni Kàbà sì wà títí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Kàdúná ni àwọn ìwé ìjọba Àríwá wà. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn Kàbà ní Ìbàdàn yóò kọjá níwájú ilé wa nígbà tí ó bá ń lọ wá ìwé!

Àwọn onímọ̀ àpáta kò ní wàhálà tó báyìí. Irin wà lórí òkè Agbájá, ti Ìtakpè kò jìnnà, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ níhìn-ín ní 2011 sì ní ẹ̀ka wọn. Bí ẹ̀rọ tí yóò yẹ òkúta wò kò bá sí nítòsí, wọ́n lè gbé òkúta lọ, kí wọ́n padà wálé jẹun. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa ní Pólì tí ẹ ní HND, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ni yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ ka PGD, nítorí náà ẹ fi ọdún kan kún ìṣirò yín.

Ní ti ìdáṣẹ́sílẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n wa ṣì máa ń ní kí a lọ sí Ìlọrin, pé wọn kì í dáṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni nígbà tiwọn. Láti nǹkan bí 2001, ọ̀pọ̀ ọdún ni Ìlọrin kò fi bá ASUU lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní 2022, nígbà tí ASUU gbé iṣẹ́ jù sílẹ̀ láti 14 oṣù Kejì títí di 14 oṣù Kẹwàá, Ìlọrin náà wà nínú rẹ̀. Ìmọ̀ràn náà ti gbó.

Owó ńkọ́? Bí yunifásítì méjì bá gbà yín lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò ní kí ẹ san owó láti fi hàn pé ẹ gba ààyè náà, owó yìí kì í sì í padà. Owó ilé ní Akọkà kì í ṣe ti Agbówó, ti Agbówó kì í sì í ṣe ti Tankẹ̀. A mọ àwọn tí ó ka gbogbo kọ́ọ̀sì tán, tí àpilẹ̀kọ wọn kò sì parí títí di òní, nítorí pé owó ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ rí olùkọ́ wọn ti tán. Owó fọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀.

Àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ náà le fún jù. Bí Màmá bá ní ọ̀nà jìn, ẹ má pè wọ́n ní aláṣejù. Ìjínigbé lójú ọ̀nà Kàbà àti Òkèné kì í ṣe àlọ́. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ẹ ó máa wálé, kì í ṣe oṣooṣù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ́kọ kí ẹ tó kàwé, àwa kò bá wọn fọwọ́ sí i.

Kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, ẹ fi ímeèlì kọ̀wé sí olùkọ́ tí ẹ fẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ kọ fún àṣekágbá àti ohun tí ẹ fẹ́ wádìí, kí ẹ sì béèrè bóyá àyè wà lọ́dọ̀ wọn. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá láìsí èsì, ẹ wá ẹni tí ó ti kàwé lábẹ́ wọn, kí ẹ bi í léèrè iye ọdún tí ó lò. Bí ẹ bá ń ro oyè ọ̀mọ̀wé lẹ́yìn ọ̀la, ẹ béèrè máàkì tí wọn yóò fi gbà yín, nítorí ó máa ń ga ju èyí tí a fi ń jáde lọ. Tíránsíkíríìtì máa ń pẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lọ sí àgọ́ àgùnbánirọ̀. Ìwé kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ tí a kọ orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí ó ti lọ ṣáájú sí, pẹ̀lú ibi tí wọ́n wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó, kí ó wá lẹ́yìn ìpàdé.