Pub àwọn ará Ireland: orin, ọbẹ̀ àgùntàn, àti ilé ọtí kan tí hòtẹ́ẹ̀lì fẹ́ gbé mì

Ẹ ki earpiece yín bọ etí dáadáa, torí Dublin là ń lọ lónìí. Tí a bá ní ilé ọtí níbí, spíkà ńlá ló máa ń wá síni lọ́kàn, pẹ̀lú ariwo tí ẹ ò fi ní gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ. Pub tàwọn ará Ireland yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kéré, àga onígi ló wà níbẹ̀, iná sì lè máa jó nínú ààrò ara ògiri nítorí òtútù.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orin bẹ̀rẹ̀. Session ni wọ́n ń pè é. Àwọn olórin á jókòó yí tábìlì ká, ife wọn á wà níwájú wọn, ara wọn ni wọ́n á sì kọjú sí, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ orin lórí fayolíìnì, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á dá sí i: onífèrè, oníbánjò, ẹni tó ń lu bodhrán. Bodhrán yìí, ẹni tó mọ sákárà ò ní pẹ́ dá a mọ̀. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n kàn mọ́ férémù roboto, igi kékeré ni wọ́n sì fi ń lù ú. Amọ̀ ni tiwa, pákó ni tiwọn. Inú irú session báyìí ni ẹgbẹ́ olórin The Dubliners ti jáde, ní pub O'Donoghue's, lọ́dún 1962.

Ẹ má kàn lọ jókòó sórí àga tó ṣófo nídìí tábìlì yẹn o, olórin kan lè máa bọ̀ wá jókòó síbẹ̀. Tẹ́nì kan bá sì ń dá orin kọ, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo èèyàn lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ díẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Ata ò sí níbẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹran àgùntàn, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, àti ànàmọ́ tí gbogbo ọjà wa ń pè ní "Irish", ni wọ́n máa ń sè pọ̀ títí ẹran á fi rọ̀. Búrẹ́dì tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ kì í ní yíìsì, baking soda àti wàrà kíkan ló ń mú un wú. Guinness tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ níbẹ̀ rọ̀ ju tinú ìgò tí ẹ mọ̀ l'Ékòó lọ dáadáa. Wọ́n á rọ ọ́ dé ibì kan, wọ́n á jẹ́ kó sinmi, kí wọ́n tó rọ ìyókù. Ẹ má kánjú.

Wàyí o, ní 2021, ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́sàn-án sórí pub Cobblestone, ní Smithfield, Dublin. Wọ́n ní àwọn máa dá iwájú pub náà sí. Iwájú nìkan! Yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n sì ti ń kọ́ èèyàn lórin, ló máa lọ. Sí èmi, ìyẹn ni pub gan-an. Ibi táwọn ọ̀dọ́ ti ń gba orin lẹ́nu àgbà ni wọ́n fẹ́ wó.

Àwọn èèyàn tú síta. Wọ́n fi fèrè àti ìlù wọ́de káàkiri ìgboro, wọ́n tiẹ̀ gbé pósí dání, bí ẹni ń sìnkú àṣà. Ọgọ́rọ̀ wọn kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìlú Dublin láti takò ó. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ náà ní kí ilé-iṣẹ́ náà má kọ́ ọ.

Bí ẹ bá dé Dublin, ẹ yà síbẹ̀, kí ẹ sì fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.