Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìrìn àwọn àgbà nínú mọ́ọ̀lù

Ìrìn inú mọ́ọ̀lù ni kí àgbàlagbà máa rìn yí inú ilé ìtajà ńlá ká láti fi ṣe eré ìdárayá, bí kò tiẹ̀ ra nǹkan kan. Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti gbilẹ̀. Southdale, tí wọ́n ṣí ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní 1956, ni mọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n bò pátápátá, tí ẹ̀rọ ń mú kó tutù tàbí kó móoru.

Ní Ṣáṣá, ní Èkó, kì í ṣe yìnyín bíi ti Amẹ́ríkà ló ń lé àgbà wọlé. Oòrùn ni, òjò ni, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń gba ẹ̀gbẹ́ títì ni, àti gọ́tà tí kò ní ọmọrí. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọdọ̀ ṣi ẹsẹ̀ gbé níbẹ̀. Mọ́ọ̀lù Ikeja City Mall, tí wọ́n ṣí ní Aláúsá ní 2011, ní ilẹ̀ tó tẹ́jú àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àmọ́ owó ọkọ̀ ń bẹ níbẹ̀ o.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìrìn náà tó bí ẹni tó ń rìn bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ló dára jù; ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, èrò máa ń kún bí ọjà Oyíngbò. Bàtà kánfáàsì ni kí wọ́n wọ̀, nítorí sílípáàsì máa ń yọ̀ lórí táìsì.